Òfo, Ó Ṣìnà, Ó Délé

Kí ojú tó rí i ni etí ti máa ń gbọ́ ọ. Láti ẹnu ọ̀nà la ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀: gbà-gbà-gbà-gbà, á dákẹ́ díẹ̀, agogo kékeré kan á dún, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí màmá mi gbọ́ ọ, ó dúró sójú kan, ó ní, "Ta ní ń ránṣọ níbí?" Ẹ má dá a lẹ́bi. Òórùn epo ẹ̀rọ tó ń tinú yàrá náà jáde kò yàtọ̀ sí ti Síńgà tí ìyá rẹ̀ fi ń ránṣọ n'Íbàdàn.

Tẹlitáìpù ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọdún 1977 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Lawrence Hall of Science la sì wà, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Yunifásítì California ní Berkeley. Sikọ́láṣípù ìjọba ló gbé bàbá mi dé Amẹ́ríkà, àwa ìyókù tẹ̀ lé e bí ẹrù. Tó bá di Sátidé, bàbá mi á fẹ́ kí ilé pa rọ́rọ́ kó lè kàwé. Màmá mi á di ìrẹsì sínú kúlà, á mú èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ọdún 1968 ni wọ́n ṣí ibẹ̀, ní ìrántí Ernest Lawrence, onímọ̀ físíìsì tó ṣe cyclotron, ẹ̀rọ tó ń mú èérún inú átọ̀mù sáré yípo, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1939. Gbogbo ìyẹn kò kàn mí nígbà náà. Ohun tó kàn mí ni ère ẹja àbùùbùtán tó wà níta, tí wọ́n ṣe tó bí àbùùbùtán gidi ṣe tó, tí àwa ọmọdé máa ń gùn lẹ́yìn. Bí kùrukùru bá gbà, ẹ ó rí omi nísàlẹ̀, ẹ ó rí San Francisco lódìkejì àti afárá Golden Gate. Màmá mi fẹ́ràn àti jókòó síbẹ̀. Èmi, inú ilé ni mo máa ń sá lọ.

Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀ǹpútà lónìí, dígí tó ń tàn ló máa sọ sí yín lọ́kàn. Tiwa kò ní dígí. Ìwé ló ní, ìwé gígùn tí wọ́n ká róbótó sẹ́yìn ẹ̀rọ, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀. Ohun tí o bá tẹ̀, orí ìwé náà ló máa hàn sí. Ohun tí ẹ̀rọ bá fi dá ọ lóhùn, orí ìwé kan náà ni. Lẹ́tà mẹ́wàá ló ń tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú sì lè bá a rìn; o ń wo bí èsì ṣe ń bọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, o ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn kó yára. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ le bí ọkàn Fáráò. Ìka kékeré wa kò lè tẹ̀ wọ́n bí a ṣe ń fọwọ́ pa fóònù lónìí, àfi kí o fi èjìká tì í.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò sí nínú yàrá yẹn. Ó wà níbòmíràn, a ò fojú kàn án. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo àwa tó jókòó lóhùn, bí olóúnjẹ tí oníbàárà mẹ́wàá yí ká: ó bu ṣíbí kan sí àwo tèmi, ó bu ṣíbí kan sí tìrẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé oníkálukú rò pé òun nìkan ló ń bù fún. Èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni BASIC. Àwọn olùkọ́ méjì ní Dartmouth College, John Kemeny àti Thomas Kurtz, ló ṣe é ní 1964, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì náà lè lo kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "think" láì pè é ní "tink" nílé ìwé náà lè lò ó. Tẹlitáìpù kò bìkítà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tó ń ní kí n tún un sọ.

Ètò àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ìlà méjì péré ni:

10 PRINT "OKO"
20 GOTO 10

Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ OKO, kó padà lọ tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ayé. Mo sáré lọ pe màmá mi wá láti ìta. Nígbà tí a fi máa dé, ìwé ti ń wọ́ nílẹ̀, OKO lórí OKO. Ó gbé etí ìwé náà sókè.

"Oko èwo?" ló ní. "Oko tí wọ́n ń ro, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó? Ọkọ̀ ni, àbí ọkọ?" Ó dákẹ́. Ó tún ìwé náà wò, ó wá fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìkarùn-ún wà tí kò dárúkọ. Àbúrò mi ń bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, kò dá a lóhùn títí a fi délé.

Ẹ̀rọ náà kò ní lẹ́tà kékeré, áḿbọ̀sìbọ́sí àmì ìsàlẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo wá ọgbọ́n sí i. Mo ní kó tẹ OKO, kó wá bọ́ sí ìlà kejì, kó tẹ àmì kékeré kan sábẹ́ O kọ̀ọ̀kan:

OKO
' '

Màmá mi wò ó, ó ní ó ti dáa, oko ti kúrò ńbẹ̀, ó ku ọkọ àti ọkọ̀ àti ọkọ́. Ti àmì ohùn ni mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Títí di òní, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi fóònù kọ̀wé sí mi, OKO ọjọ́ náà ni wọ́n ṣì ń kọ, kò sì sí tẹlitáìpù tí wọ́n lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Bí àkókò ẹni bá pé, ọmọ mìíràn ti dúró sẹ́yìn àga nìyẹn. Kí iṣẹ́ má bàa ṣòfò, a máa ń kó ètò wa sórí tépù kí a tó dìde. Tépù oníwèé ni mò ń wí, fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì kan, ó pupa rúsúrúsú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ nítorí epo tí wọ́n fi pa á. Ẹ̀gbẹ́ tẹlitáìpù níbẹ̀ ló ti ń jáde, ihò lórí ihò. Lẹ́tà kan, ìlà ihò kan. Ààyè mẹ́jọ ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. A lè lu ihò síbẹ̀, a sì lè má lù ú. Àwọn ihò wíńníwínní mìíràn tún wà tí eyín ẹ̀rọ fi ń fà á, ààyè mẹ́ta wà lápá kan wọn, márùn-ún lápá kejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa dojú tépù kọ ẹ̀yìn. Èérún ìwé tó ń jábọ́ láti inú ihò wọ̀nyẹn máa ń kún inú àpótí kan lábẹ́. Mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí àbúrò mi lọ́jọ́ kan. Irun dídì ló wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá mi fi ń ṣa èérún nínú irun náà, gbogbo ẹyọ tó bá ṣà ló ń fi orúkọ mi pè.

Ohun kan wà lára tépù yẹn tí n kò gbàgbé. Bí ọwọ́ bá ṣì, ihò ti lu ná. Ta ló fẹ́ dí i? Ńṣe la máa ń fa tépù padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, a ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ RUBOUT sí, yóò sì lu gbogbo ààyè tó wà ní ìlà náà pátápátá. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka tépù, tó dé ibi tí gbogbo ihò ti lu, ó mọ̀ pé àṣìṣe ni, á fò ó kọjá. A kì í pa àṣìṣe rẹ́ níbẹ̀. A máa ń lù ú títí kò fi ní sí ohun tí ẹnì kankan lè kà níbẹ̀.

Bàbá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wa, ṣùgbọ́n ó gba tépù lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó nà án sójú gílóòbù. "Mẹ́jọ," ló wí. "Ó lu, tàbí kò lu." Ó tún un kà. "Ọ̀pẹ̀lẹ̀ rèé." Ó kà fún mi pé èso mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó lè ṣí, ó lè dé, ìyẹn ni odù fi jẹ́ 256. Kìrìsìtẹ́nì paraku ni bàbá mi, ọmọ ọmọ babaláwo sì ni. Ó dá tépù padà fún mi, kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Mo mọ̀ pé ẹ ti pàdé àwọn tó ń pariwo pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà. N kò sí nínú wọn o. Àwọn tó ṣe tẹlitáìpù kò bá babaláwo kankan jókòó. Ṣùgbọ́n bí o bá bi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà mẹ́jọ, 256 ni ìdáhùn tó lè jáde, ìbáà jẹ́ ní Berkeley, ìbáà jẹ́ lórí ẹní. Inú mi dùn pé bàbá mi ló kọ́kọ́ fi hàn mí, kó tó di ohun tí wọ́n ń fi jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Eré ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń ṣe níbẹ̀, n kò ní purọ́. Èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni Bagels. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Lawrence Hall yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe é, D. Resek àti P. Rowe ni orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Òjò lé màmá mi wọlé lọ́jọ́ kan, kò sì rí àga mìíràn àfi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ á mú nọ́ńbà mẹ́ta tí kò jọra, á tò wọ́n sínú. Ẹ̀yin á máa sọ èyí tí ẹ rò. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀ nínú mẹ́ta tí ẹ pè, á ní BAGELS. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ipò rẹ̀ lẹ fi í sí, PICO. Bó bá wà níbẹ̀, tó tún bọ́ sípò rẹ̀, FERMI. Ìgbà ogún péré lẹ lè pè é o."

"Kí ni bagels?"

"Búrẹ́dì róbótó ni. Ihò wà láàárín ẹ̀."

"Ihò." Ó mirí. "Òfo nìyẹn."

Ó ní kí n tẹ 123. BAGELS. Ojú tì mí dípò rẹ̀, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. "Pẹ̀lẹ́ kí ni? Ó ti fi mẹ́ta hàn mí tí n kò ní bá wọlé mọ́." Ìyá aláṣọ ni màmá mi ní Gbági kó tó tẹ̀ lé ọkọ dé òkèèrè. Ó ní ẹni tó ń ná aṣọ lọ́wọ́ òun kì í sọ iye tó wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo iye tó bá ti kọ̀ ló ń tú àpò náà fún òun.

456. PICO FERMI. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ń kọ nọ́ńbà wíńníwínní sí etí ìwé tẹlitáìpù, ó ń fagi lé wọn. Ọmọ tó dúró sẹ́yìn wa ti ń mí kanlẹ̀. 475. PICO PICO. Ó tún fagi lé díẹ̀ sí i. 657. PICO PICO. Ó fi bírò lélẹ̀.

"Méje, mẹ́rin, mẹ́fà."

FERMI FERMI FERMI, agogo, YOU GOT IT!!! Ó ti dìde kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ń tún gèlè ṣe.

Mo rò pé oríire ni. Nígbà tí mo dàgbà ni mo jókòó ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà 720 ni ẹ̀rọ lè gbà to nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Òfo àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí mo ń bá a kẹ́dùn sí, ló sọ 720 di 210. PICO FERMI sọ ọ́ di 24. Ìkẹta sọ ọ́ di márùn-ún: 054, 854, 954, 657, 746. Ìkẹrin ló kù, ó sì mú 657 láàárín wọn, torí bí èsì bá jẹ́ FERMI, ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Bó bá jẹ́ PICO PICO, 746 nìkan ló kù. Obìnrin náà mọ̀ kó tó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Oríire kọ́ rárá.

Ọdún 1977 yẹn náà ni àwọn kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè rà sílé, Apple II, Commodore PET àti TRS-80, jáde. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ra TRS-80, ẹgbẹ̀ta dọ́là ó dín díẹ̀, pẹ̀lú dígí àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Mo lọ wò ó nílé wọn. Ó dára, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. A jókòó dúró de ètò tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì títí, kò wọlé, a tún un ṣe, kò wọlé, ìyá rẹ̀ pè wá wá jẹun. Àwọn mìíràn fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn gidi, wọ́n ń rà wọ́n lówó gọbọi báyìí. Kálukú pẹ̀lú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi fẹ́ ẹ̀rọ tó ń pariwo.

Ní 1979 a padà sí Ìbàdàn. Mo di róòlù ìwé mẹ́ta àti tépù mẹ́rin sínú báàgì mi, bàbá mi ní ìdọ̀tí ni mò ń gbé gba orí òkun, ṣùgbọ́n kò kó wọn dànù. Kọ̀ǹpútà ti wà n'Íbàdàn kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fọ́ọ̀mù wáànù. Mo ń sùn ti tépù tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di kọ̀ǹpútà fúnra mi.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ibùgbé ibẹ̀ la ń sùn. Lálẹ́ tí iná bá lọ, tí kò sí ẹni tó lè kàwé mọ́, èmi á mú nọ́ńbà mẹ́ta, àwọn yòókù á máa pè é. BAGELS kò nítumọ̀ sí wọn, mo bá gba ti màmá mi: òfo. PICO di "ó ṣìnà". FERMI di "ó délé". Ẹ̀pà la fi ń ta á. Ẹ ò bá wá gbọ́ bí yàrá ogún ọmọkùnrin ṣe ń pariwo "Ó délé!" nínú òkùnkùn, títí háúsì másítà fi máa yọ tòun ti tọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé mò ń lu jìbìtì, pé mò ń pààrọ̀ nọ́ńbà bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ sórí bébà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí. N kò lu jìbìtì, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ: mo dáhùn ṣìṣe. Mo pe "ó délé" níbi tó ti yẹ kí n pe "ó ṣìnà", ọmọ tó ń pè é fi gbogbo ẹ̀pà rẹ̀ lé e, ó pàdánù, a ṣí bébà wò, gbogbo wọn dìde sí mi.

Mo jókòó lórí ibùsùn mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mò ń wò ó pé báwo ni kọ̀ǹpútà kì í ṣe é ṣi èsì sọ. Kì í wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ bí mo ṣe ń wò ó. Ó ń mú ti àkọ́kọ́ tí o pè, á fi bi àkọ́kọ́ tirẹ̀: ṣé ìwọ rèé? Á fi bi ìkejì, á fi bi ìkẹta. Á mú ìkejì tí o pè, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni kó tó dáhùn ẹyọ kan, kì í sì í fo ọ̀kankan, ìbáà rẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka mẹ́sàn-án kí n tó lanu. N kò ṣì í mọ́. Ọdún méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, "Ẹ̀rọ" ni wọ́n sì ń pè mí títí mo fi jáde. Àwọn kan lára wọn ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí a bá pàdé níbi òkú. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì lẹ́yìn náà, òun ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà náà. N kò ní olùkọ́ tó kọ́ mi ní nǹkan ju ẹ̀pà tí ọmọ yẹn pàdánù lọ.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú màmá mi, a tú àwọn àpótí rẹ̀. Abẹ́ àwọn aṣọ òkè ni mo ti bá róòlù ìwé kan tí mo rò pé ó ti ṣègbé tipẹ́: 123, 456, 475, 657, 746, àti àwọn nọ́ńbà wíńníwínní tó fi bírò kọ sétí. N kò mọ̀ pé ó mú un. Nínú rẹ̀ ni tépù kan wà, èkúté ti jẹ ìdajì.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí pé kí lèyí. Mo nà án sójú fèrèsé fún un. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á: ibi ihò ńlá ni kó wò, kó fi ti wíńníwínní sílẹ̀. A lo bébà àti lẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ rárá tó fi dá O mọ̀, tó dá K mọ̀, tó ń fò sókè. Ó wá dé ìlà kan tí ó ti lu láti etí dé etí.

"Bàbá àgbà, èyí ńkọ́?"

"Àṣìṣe ni. Mo tẹ nǹkan mìíràn, mo bá lu gbogbo ẹ̀."

"Kí lẹ tẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo gbé tépù náà súnmọ́ ojú. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá bákan náà.